Ẹja Òkun Nínú Àpótí Gíláàsì ní Lọ́kọ́ja: Bí Onílé Bá Kú, Níbo ni Àlejò Yóò Wọ̀?

Ẹni tí ó bá gun Òkè Patí ní Lọ́kọ́ja, tí ó sì bojú wo ìsàlẹ̀, yóò rí i bí odò ńlá méjì ti pàdé. Odò Ọya ń bọ̀ láti ìhà àríwá, Odò Bẹ́núé ń bọ̀ láti ìhà ìlà-oòrùn, àwọn méjèèjì sì jọ forí lé gúúsù. Ní ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ fara kan ara wọn, àwọ̀ omi ọ̀kan kò jọ ti èkejì. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ti ń lọ ni wọ́n ń dàpọ̀, títí tí kò fi sí ẹni tí ó lè sọ pé èyí ni omi Ọya, èyí ni omi Bẹ́núé. Bí odò náà ti rí ni ìlú náà rí. Láti ìgbà tí William Baikie ti dá ibùdó òwò sílẹ̀ níbẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1860, títí di ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1900 tí Lugard gbé àsíá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sókè níbẹ̀, àti títí di ọdún 1991 tí ìlú náà di olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Kogí, Lọ́kọ́ja ti jẹ́ ibi tí onílé àti àlejò ti ń jókòó ti ara wọn. Òwórò, Nupe, Kàkàǹdá, Ígálà, Ẹbìrà, Básà Ńgé, Haúsá, àti àwọn ọmọ Yorùbá tí iṣẹ́ ìjọba tàbí òwò gbé dé ibẹ̀, gbogbo wọn ni odò ńlá náà ń bọ́.

Nínú irú ìlú bẹ́ẹ̀, ẹja kì í ṣe ohun àjèjì. Ìyàwó ilé mọ àrọ̀, ó mọ ẹ̀pìyà, ó mọ èyí tí ó dára ní tútù àti èyí tí ó dára ní yíyan. Ohun tí ó ṣàjèjì ni ẹja tí a kì í jẹ, tí a kàn ń fi owó bọ́ kí a lè máa wò ó. Àṣà yìí ti ń wọlé díẹ̀díẹ̀ sí àwọn ìlú ńláńlá ilẹ̀ wa: a ń rí àpótí onígíláàsì tí ó kún fún omi ní iwájú yàrá àlejò hòtẹ́ẹ̀lì, ní ọ́fíìsì, àti ní pálọ̀ àwọn tí Ọlọ́run bù kún. Láti ọdún 2003 tí fíìmù àwòrán Finding Nemo sì ti jáde, àwọn ọmọdé káàkiri ayé ti fẹ́ràn ẹja kékeré aláwọ̀ ọsàn kan, wọ́n sì ń bi àwọn òbí wọn léèrè pé, ṣé a kò lè rà á? Ìbéèrè ọmọdé ni, ṣùgbọ́n ìdáhùn rẹ̀ kì í ṣe ti ọmọdé. Ó ní owó nínú, ó ní ẹ̀mí nínú, ó sì ní ẹ̀kọ́ nínú fún ẹnikẹ́ni tí ó bá ń gbé lọ́dọ̀ ẹlòmíràn.

ẸJA ALÁWÀDÀ ÀTI ONÍLÉ RẸ̀

Ẹja náà kéré, púpọ̀ nínú wọn kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ. Èyí tí àwọn ènìyàn mọ̀ jù ní àwọ̀ bíi ti ọsàn tí ó pọ́n dáadáa, ó sì ní ilà funfun mẹ́ta tí dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ yí etí wọn ká. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè é ní clownfish, nítorí pé ara rẹ̀ dà bí ojú aláwàdà tí ó kun ọ̀dà. Ẹja aláwàdà ni a ó sì máa pè é níhìn-ín. Nǹkan bí ẹ̀yà 30 ni ó wà nínú ẹbí náà.

Kò sí ẹyọ kan nínú wọn ní òkun tí ó fara kan ilẹ̀ wa. Láti Dakar dé Èkó, láti Èkó dé Kàlàbá, ẹni tí ó bá ju àwọ̀n sínú Òkun Àtìláńtíìkì kò lè rí i kó. Òkun Íńdíà, Òkun Pupa àti apá ìwọ̀-oòrùn Òkun Pàsífíìkì ni ilé rẹ̀. Síbẹ̀, ohun kan ti inú òkun jíjìn náà wá sí ilẹ̀ Yorùbá rí tí kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, èyí ni owó ẹyọ. Ní àwọn erékùṣù Maldives tí ó wà láàárín Òkun Íńdíà ni wọ́n ti ń kó púpọ̀ nínú owó ẹyọ tí àwọn bàbá ńlá wa ná lọ́jà. Ní ẹ̀bá àwọn erékùṣù kan náà ni ẹ̀yà ẹja aláwàdà kan ń gbé títí di òní olónìí.

Ibi tí ẹja yìí wọ̀ sí ni ọ̀rọ̀ wà. Kì í gbé inú ihò àpáta, kì í sì í káàkiri inú agbami. Inú ara ẹ̀dá mìíràn ni ó ń gbé, èyí tí à ń pè ní ánẹ́mónì. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ rí ánẹ́mónì yóò pè é ní òdòdó, ṣùgbọ́n ẹranko ni. Ó fi ìdí lẹ̀ mọ́ àpáta, ó sì na ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọwọ́ tín-ín-rín sókè yí ẹnu rẹ̀ ká, tí omi ń fẹ́ síwá sẹ́yìn bí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ koríko. Àwọn kan nínú wọn fẹ̀ tó mítà kan. Ẹ̀yà ánẹ́mónì tí ó wà nínú òkun ayé lé ní 1,000, ṣùgbọ́n 10 péré ni ó ń gba ẹja aláwàdà sí ilé. Àwọn Yorùbá kò mọ ánẹ́mónì, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ẹbí rẹ̀, wọ́n tilẹ̀ ń fi í sí ọrùn. Iyùn pupa tí ọba fi ń ṣe oyè, tí ìyàwó fi ń ṣe ọ̀ṣọ́, egungun ẹranko òkun kan tí ó bá ánẹ́mónì tan ni, tí àwọn oníṣòwò ń kó wá láti òkun Mẹditaréníà.

Ọwọ́ ánẹ́mónì kì í ṣe ọwọ́ ìkíni. Lára ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ni ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọfà kéékèèké wà, tí ojú lásán kò lè rí, tí májèlé sì wà lórí wọn. Bí ẹja kékeré kan bá fara kàn án, àwọn ọfà náà yóò ta, ẹja yóò rọ, ánẹ́mónì yóò sì fà á sí ẹnu. Nínú àárín àwọn ọfà wọ̀nyí ni ẹja aláwàdà ń sùn sí lálẹ́ láìfarapa. Ní ọdún 1868 ni Cuthbert Collingwood, onímọ̀ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ́kọ́ kọ ìwé sílẹ̀ lórí ohun ìyanu yìí, lẹ́yìn tí ó rí i ní òkun ìhà Ṣáínà. Láti ìgbà náà ni àwọn onímọ̀ ti ń wádìí àṣírí rẹ̀. Ohun tí wọ́n rí ni pé omi yíyọ̀ tí ó bo ara ẹja náà kò ní ohun tí ó máa ń ta ánẹ́mónì lólobó pé oúnjẹ ti dé. Síbẹ̀, bí ẹja náà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ánẹ́mónì, kì í já wọlé gìrọ̀gìrọ̀. Yóò kọ́kọ́ fi ìrù kàn án, yóò sún sẹ́yìn. Yóò fi ikùn kàn án, yóò tún sún sẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ ni yóò máa ṣe títí tí ara àwọn méjèèjì yóò fi mọ ara wọn.

Ìbágbé náà kì í ṣe ti ẹnìkan jẹ, ẹnìkan wò. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ánẹ́mónì ń dáàbò bo ẹja lọ́wọ́ àwọn ẹja ńlá tí ì bá gbé e mì. Ẹja náà ń lé àwọn ẹja mìíràn tí wọ́n máa ń já ọwọ́ ánẹ́mónì jẹ. Ìgbẹ́ àti ìtọ̀ rẹ̀ jẹ́ ajílẹ̀ fún àwọn ewéko àìfojúrí tí ń gbé inú ẹran ara ánẹ́mónì, àwọn ewéko náà sì ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn ṣe oúnjẹ, wọ́n ń fún onílé wọn jẹ nínú rẹ̀. Lóru, bí ẹja náà ti ń fi ìyẹ́ lu omi láàárín ọwọ́ ánẹ́mónì, omi tútù tí ó ní afẹ́fẹ́ nínú ń kọjá lára onílé.

ÒFIN INÚ ILÉ

Nínú ánẹ́mónì kan, a lè rí ẹja aláwàdà méjì, a sì lè rí mẹ́rin tàbí márùn-ún. Èyí tí ó tóbi jù ni abo, òun ni ìyálé. Èyí tí ó tẹ̀lé e ni ọkọ rẹ̀. Àwọn yòókù jẹ́ ọ̀dọ́ tí kò tíì lè bímọ, wọ́n sì tò lẹ́sẹẹsẹ bí ẹgbẹ́ ọmọ iṣẹ́, èyí tí ó tóbi níwájú, èyí tí ó kéré lẹ́yìn. Kò sí èyí tí ó ń kọ́kọ́ dàgbà di abo. Akọ ni wọ́n ń kọ́kọ́ dà. Bí ìyálé bá kú, ọkọ rẹ̀ kò ní í wá ìyàwó mìíràn kiri. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò yí padà di abo, ọ̀dọ́ tí ó tẹ̀lé e yóò sì di ọkọ. Hans Fricke àti Simone Fricke, ará Jámánì, ni ó fi èyí hàn fáyé nínú ìwé ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 1977. Ẹni tí ó bá ti wo fíìmù ọmọdé náà yóò rí i pé àwọn tí ó ṣe é fo apá yìí kọjá.

Ìyálé yóò yé ẹyin sí ara àpáta ní ìdí ánẹ́mónì, ọgọ́rọ̀ọ̀rún lẹ́ẹ̀kan. Ọkọ ni ó ń ṣọ́ wọn, ó ń fẹ́ omi sí wọn, ó ń ṣa èyí tí ó bá bàjẹ́ kúrò, fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan tàbí ọjọ́ mẹ́wàá. Lálẹ́ ni ẹyin náà ń pa, omi òkun yóò sì gbé àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ náà lọ. Lẹ́yìn nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, àwọn tí kò bá kú sọ́nà yóò wá ánẹ́mónì mìíràn wọ̀. Nítorí náà, àwọn ọ̀dọ́ tí a rí nínú ilé kan kì í sábà jẹ́ ọmọ àwọn àgbà ilé náà. Àtọ̀húnrìnwá ni wọ́n. Ìdálẹ̀ ni olúkúlùkù wọn ti wá, àyè ni wọ́n sì tọrọ.

Báwo ni àtọ̀húnrìnwá ṣe ń rí àyè gbé? Ní ọdún 2003, Peter Buston gbé ìwádìí jáde lórí àwọn ẹja aláwàdà tí ó ṣọ́ fún ìgbà pípẹ́ ní Papua New Guinea. Ó rí i pé àwọn ọ̀dọ́ ń kó ara wọn níjàánu: wọn kì í jẹ́ kí ara wọn tóbi tó ti ẹni tí ó wà níwájú wọn. Ẹni tí ó bá tóbi ju ipò rẹ̀ lọ, wọn yóò lé e jáde, ẹni tí wọ́n bá sì lé jáde kúrò nínú ánẹ́mónì ti di oúnjẹ ẹja mìíràn. Bí ipò kan bá ṣí sílẹ̀ níwájú, nígbà náà ni ara èyí tí ó kàn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í tóbi. Ẹni tí ó bá ti gba yàrá kan rí nínú ilé onílé, ní ìlú tí kì í ṣe ti bàbá rẹ̀, kò nílò kí onímọ̀ kankan túmọ̀ ohun tí ẹja náà ń bẹ̀rù fún un.

OMI IYỌ̀ NÍ ÌLÚ ODÒ

Ǹjẹ́ ẹja yìí lè gbé ní Lọ́kọ́ja? Bí a bá ní kí a sọ òótọ́, ó lè gbé e. Onílé rẹ̀ ni kò rọrùn.

Ìṣòro àkọ́kọ́ ni omi. Omi odò Ọya, bí ó ti wù kí ó mọ́ tó, májèlé ni fún ẹja òkun. Lítà kan omi òkun ní nǹkan bí gíráàmù 35 iyọ̀ nínú. Àpótí tí ó gba 200 lítà yóò nílò kìlógíráàmù 7 iyọ̀ kí ẹja kankan tó wọ inú rẹ̀. Iyọ̀ ọbẹ̀ kò tó o, nítorí pé omi òkun ní àwọn èròjà mìíràn bíi magnesium, calcium àti potassium, tí a gbọ́dọ̀ pò mọ́ ọn ní ìwọ̀n. Omi tí a ó fi pò ó kò gbọdọ̀ jẹ́ ti ẹ̀rọ tí wọ́n da oògùn sí, bẹ́ẹ̀ ni kò yẹ kí ó jẹ́ ti kànga. Omi tí ẹ̀rọ ti sẹ́ dáadáa ni. Bí oòrùn bá sì fa omi inú àpótí, omi ni ń lọ, iyọ̀ kì í lọ. Aláìmọ̀kan tí ó bá fi omi oníyọ̀ dí i ń sọ ibùgbé ẹja di kíkorò sí i lójoojúmọ́. Omi tí kò ní iyọ̀ ni a fi ń dí èyí tí ó bá fà.

Ìṣòro kejì ni sùúrù. Ìgbẹ́ ẹja ń di ammonia, èyí tí ó lè pa ẹja. Àwọn kòkòrò àìfojúrí kan wà tí wọ́n ń sọ ammonia di nitrite, àwọn mìíràn sì ń sọ nitrite di nitrate tí kò burú tó bẹ́ẹ̀. Kí àwọn kòkòrò wọ̀nyí tó pọ̀ tó nínú àpótí titun, ó ń gba nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà. Ẹni tí ó ra àpótí lọ́jọ́ Jímọ̀, tí ó sì fi ẹja sí i lọ́jọ́ Sátidé, òkú ẹja ni yóò kó lọ́sẹ̀ tí ó tẹ̀lé e. Ánẹ́mónì tilẹ̀ le ju bẹ́ẹ̀ lọ: àwọn tí ó mọ iṣẹ́ náà kì í fi í sí àpótí tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà, ọ̀pọ̀ wọn a sì máa dúró fún ọdún kan.

Ìṣòro kẹta ni ooru, ibí yìí sì ni Lọ́kọ́ja ti yàtọ̀ sí London tàbí Berlin. Ní ìlú òyìnbó, owó ni wọ́n ń ná láti mú omi inú àpótí gbóná. Ní Lọ́kọ́ja, owó ni a ó ná láti mú un tutù. Ìwọ̀n 24 sí 27 lórí tẹmómítà Celsius ni omi tí ó tẹ́ ẹja àti ánẹ́mónì lọ́rùn. Ní oṣù kẹta àti oṣù kẹrin ọdún, ooru ọ̀sán Lọ́kọ́ja a máa kọjá 35. Omi tí ó bá gbóná kì í gba afẹ́fẹ́ púpọ̀ dúró nínú ara rẹ̀, nítorí náà ìgbà tí ẹja nílò èémí jù ni èémí ń dínkù. Fáànù tí a bá kọjú sí omi lè ràn án lọ́wọ́. Ẹ̀rọ amúlétutù lè ràn án lọ́wọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n iná mànàmáná ni yóò gbé gbogbo wọn ṣiṣẹ́: ẹ̀rọ tí ń yí omi po, fáànù, àti iná líle tí ánẹ́mónì nílò fún wákàtí bíi mẹ́jọ sí mẹ́wàá lójúmọ́ dípò oòrùn. Ẹni tí kò bá ní jẹnẹrétọ̀, tàbí bátìrì tí oòrùn ń fún lágbára, kò tíì ṣe tán láti gba irú àlejò bẹ́ẹ̀. Òru ọjọ́ kan tí iná lọ, tí omi dúró gbagidi, tó láti pa ohun tí a fi ọdún kan tọ́.

Ìṣòro kẹrin ni ìwà ánẹ́mónì fúnra rẹ̀. Kì í jókòó síbi tí a bá gbé e kalẹ̀ sí. Bí ibẹ̀ kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, yóò fi ìdí rìn díẹ̀díẹ̀ káàkiri àpótí, bí ó bá sì dé ẹnu ẹ̀rọ tí ń fa omi, ẹ̀rọ náà yóò fà á ya. Ánẹ́mónì tí ó bá kú ń rà kíákíá, omi yóò bàjẹ́, gbogbo ohun ẹlẹ́mìí inú àpótí náà sì lè tẹ̀lé e kí ilẹ̀ tó mọ́.

Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ náà ti yíjú padà. Nínú òkun, ẹja aláwàdà tí kò ní ánẹ́mónì kò lè pẹ́ láyé. Nínú àpótí gíláàsì, níbi tí kò sí ọ̀tá tí yóò gbé e mì, ó lè gbé láìní ánẹ́mónì rárá: yóò jẹun, yóò dàgbà, yóò yé ẹyin, ó sì lè lò ju ogún ọdún lọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ ẹja náà kò di dandan kí ó ra onílé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ojú fẹ́ẹ́ rí ni àwọn méjèèjì pọ̀, nítorí náà ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ra ánẹ́mónì kí àpótí wọn tó gbó. Ánẹ́mónì a funfun, a sún kì, a kú. Wọn a tún ra òmíràn.

ÁNẸ́MÓNÌ TÍ Ó SIN ỌMỌ ARÁYÉ

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ẹ̀dá tí ẹ̀mí rẹ̀ kúrú ni ánẹ́mónì. Ní ọdún 1828, Sir John Dalyell mú ánẹ́mónì kan ní etí òkun ilẹ̀ Scotland, ó sì ń sìn ín nínú ìgò ní ilé rẹ̀. Kì í ṣe irú èyí tí ń gba ẹja sí ilé, ẹ̀yà kékeré ti òkun tútù ni. Ọ̀gbẹ́ni Dalyell kú ní ọdún 1851, ánẹ́mónì náà kò kú. Wọ́n fà á lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, ẹni náà sì tún fà á lé ẹlòmíràn, wọ́n ń pa omi òkun rẹ̀ dà, wọ́n ń bọ́ ọ, wọ́n sì sọ ọ́ ní Granny, èyí tí í ṣe Ìyá Àgbà. Ọdún 1887 ni ó tó kú ní Edinburgh, lẹ́yìn ọdún 59 nínú ìgò. Kò sí iná mànàmáná nígbà náà, kò sí ẹ̀rọ tí ń yí omi po. Ìtọ́jú ni ó wà. Lákòókò Ìyá Àgbà yìí ni àṣà sísin ẹja sínú gíláàsì gbilẹ̀ ní Ìlú Ọba: ní ọdún 1853 ni ọgbà ẹranko London ṣí ilé ẹja sílẹ̀ fún ará ìlú, ní ọdún 1854 sì ni Philip Henry Gosse tẹ ìwé rẹ̀ The Aquarium jáde.

Nígbà tí ẹ̀dá kan bá lè gbé tó bẹ́ẹ̀, tí ó sì kú sí ọwọ́ ẹni tí ó rà á láàárín oṣù mẹ́ta, ẹ̀bi náà kò sí lára ẹ̀dá.

IBI TÍ WỌ́N TI Ń KÓ WỌN

Àwọn ẹja tí wọ́n ń tà fún aráyé láti fi ṣe ọ̀ṣọ́ ilé, ibì kan ni wọ́n ti ń kó wọn. Ní Filipíìnì, láti àwọn ọdún 1960, àwọn apẹja kan ń fọ́n cyanide, májèlé líle, sínú ihò àpáta iyùn kí ẹja lè dákú kí wọ́n sì fi ọwọ́ kó o. Ẹja tí ó bá jí yóò wọ ọkọ̀ òfuurufú, yóò sì kú lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sí ọwọ́ ẹni tí kò mọ ohun tí ó pa á. Àpáta iyùn tí májèlé bá kàn yóò kú pẹ̀lú. Ní ti ẹja aláwàdà, ọ̀nà mìíràn ti ṣí sílẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, Martin Moe ní Florida ní Amẹ́ríkà mú kí wọ́n máa bímọ nínú àpótí fún títà, lónìí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹja aláwàdà tí ó wà lọ́jà kò rí òkun rí. Ti ánẹ́mónì kò tíì rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yà kan wà tí ó máa ń pín ara rẹ̀ sí méjì nínú àpótí, àwọn tí ń sìn ín sì ń fún ara wọn. Ṣùgbọ́n inú òkun ni wọ́n ṣì ti ń kó púpọ̀ nínú àwọn yòókù.

Òkun náà kò sì tutù bí i ti tẹ́lẹ̀. Bí omi bá gbóná ju bí ó ti yẹ lọ, ánẹ́mónì yóò ti àwọn ewéko àìfojúrí inú ara rẹ̀ jáde, ara rẹ̀ yóò funfun báláú, ebi yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í pa á. Ní ọdún 2023, ooru líle mú Òkun Pupa. Ní àwọn ibi tí àwọn onímọ̀ ti ń ka ẹja, ọ̀pọ̀ jù nínú ánẹ́mónì ni ó kú, ẹja aláwàdà ibẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátápátá. Ooru kò pa ẹja bí kò ṣe pé ilé ni ó wó lé e lórí. Ní ọdún 2023 kan náà, ní Kimbe Bay ní Papua New Guinea, àwọn olùwádìí wọn gígùn ẹja aláwàdà nígbà ooru, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ sí ìta ní ọdún 2025: ẹja náà ń dín gígùn ara rẹ̀ kù kí ó má bàa kú. Kì í ṣe pé ó rù. Ó kúrú ni.

ẸJA TIWA NÍ PÁLỌ̀ ẸLÒMÍRÀN

Ohun tí ọ̀pọ̀ ará ilé kò mọ̀ ni pé bí àwọn ọmọ wa ti ń fẹ́ ẹja òkun Íńdíà, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọ Jámánì àti Amẹ́ríkà ti ń sin ẹja odò Nàìjíríà láti ọjọ́ pípẹ́. Ẹja kékeré kan wà nínú àwọn odò gúúsù ilẹ̀ wa bíi Odò Ethiope, tí ikùn abo rẹ̀ máa ń pọ́n bí osùn nígbà tí ó bá fẹ́ yé ẹyin, tí akọ àti abo sì jọ ń da ọmọ wọn kiri bí adìyẹ. Àwọn òyìnbó ń pè é ní kribensis, ó sì ti di ẹja tí wọ́n ń bí fúnra wọn ní ilẹ̀ wọn, tí wọ́n sì ń tà. Ẹja gígùn bí ejò kan ti agbègbè Kàlàbá, tí onímọ̀ kan fún lórúkọ ní ọdún 1865, wà nínú àpótí gíláàsì káàkiri ayé.

Inú odò Ọya fúnra rẹ̀ kò ṣófo. Ẹja kan wà níbẹ̀ tí àgbọ̀n rẹ̀ gùn síwájú bí ọwọ́jà erin, tí ó ń fi iná kékeré inú ara rẹ̀ mọ ọ̀nà nínú omi tí ó dúdú. Ọpọlọ rẹ̀ tóbi tó bẹ́ẹ̀ tí ìdá 60 nínú 100 afẹ́fẹ́ tí ara rẹ̀ ń lò fi jẹ́ ti ọpọlọ nìkan. Òmíràn wà, ìbátan àwọn tí apẹja mọ̀ fún ẹ̀gún líle ẹ̀yìn wọn, tí ó máa ń kọ ikùn sókè kí ó tó jẹun ní ojú omi. Àwọn ará Íjíbítì ayé àtijọ́ ti ya àwòrán rẹ̀ sára ògiri. Òjìjí náà wà, tí ń mú ọwọ́ apẹja jì rìrì, tí agbára iná rẹ̀ lè tó fólítì 350. Ẹni tí ó bá fẹ́ sin òjìjí gbọ́dọ̀ fi í sí àpótí tirẹ̀ lọ́tọ̀, nítorí pé kò lè bá ẹnikẹ́ni gbé. Ó ní agbára, kò ní aládùúgbò.

Àwọn ẹja wọ̀nyí kò béèrè iyọ̀, ooru ilẹ̀ wa kò sì ṣàjèjì sí wọn. Ní New Bussa, ní etí adágún Kainji, ilé iṣẹ́ ìwádìí ìjọba àpapọ̀ kan wà tí ó hù jáde láti inú iṣẹ́ ìwádìí tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1968, tí iṣẹ́ rẹ̀ sì dá lórí ẹja odò àti adágún. Ọ̀dọ́ tí ó bá ní kànga, tí ó ní sùúrù, tí ó sì kọ́ bí a ti ń mú kí irú ẹja bẹ́ẹ̀ bímọ nínú àpótí dípò kí a máa kó wọn tán nínú odò, ti rí iṣẹ́ kan tí ọ̀pọ̀ kò tíì dáwọ́ lé. Owó tí àwọn ará òkèèrè ń rí lórí ẹja Ethiope yẹ kí ó kan ẹni tí odò náà gba ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ kọjá.

Fún ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò bá kúrò lórí ẹja aláwàdà, ọ̀nà náà kò dí. Kí ó ra àpótí tí kò kéré. Kí ó wá iná àti omi sílẹ̀ ná. Kí ó dúró de àwọn kòkòrò àìfojúrí fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Kí ó béèrè ẹja tí wọ́n bí nínú àpótí, kì í ṣe èyí tí wọ́n kó nínú òkun. Kí ó fi ọdún kan wo ẹja méjì péré, kí ó tó ronú kan ánẹ́mónì. Àwọn àgbà ní ojú àlejò ni a ti ń jẹ gbèsè, ẹ̀yìn rẹ̀ ni a ti ń san án. Ẹni tí kò bá lè san gbèsè kí ó má ṣe pe àlejò.

Ní ọdún 2012, àti lẹ́ẹ̀kan sí i ní ọdún 2022, odò Ọya àti Bẹ́núé kún kọjá ààlà wọn, omi sì wọ ilé púpọ̀ ní Lọ́kọ́ja. Ẹni tí ó jẹ́ onílé lánàá di àlejò láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ẹni tí ó ń gbé orí ilẹ̀ gíga di onílé fún ẹni tí kò mọ̀ rí. Omi lọ sílẹ̀, olúkúlùkù padà sí ibùgbé rẹ̀, ọjà ẹja sì tún kún. Àwọn tí ó rí àwọn ọjọ́ wọ̀nyẹn kì í bi ara wọn léèrè mọ́ pé ta ni onílé, ta ni àlejò. Wọ́n mọ̀ pé bí ánẹ́mónì bá kú, ẹja kò ní ibi tí yóò sùn. Bí ẹja bá sì kú, kò sí ẹni tí yóò lé àwọn tí ń já ánẹ́mónì jẹ.